Pẹ̀lẹ́ Kan Tí Mo Sọ ní Accra

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá Dámilọ́lá, tí ó ń ta aṣọ ọmọdé ní Dùgbẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sí àwa òbí lórí wáásáàpù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá ni ohùn náà gùn. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní:

"Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o! Eré káàdì orí fóònù tí àwọn ọmọ wa ń ta yìí, ogun ni. Ó ti gba ọkàn wọn. Tèmi kì í gbọ́ mọ́ tí mo bá pè é. Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ pa eré náà rẹ́. Tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ bi Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Agbowó. Òun ló bá tiẹ̀ rìn dé Ghana nítorí eré kan náà. Ẹ bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí."

Láti ọjọ́ náà, òbí mẹ́sàn-án ló ti bi mí. Bí mo bá ní kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nìyí.

ÀDÉHÙN

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Agbowó, níbi tí a ti ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìwé tèmi mọ. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ojú ewé igba wá, mo máa ń ka ojú ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, nítorí bí ẹyọ kan bá sọnù, ẹni tó di ìwé ni wọn yóò dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́ ọmọ. Ọdún méje ni èmi àti bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́ fi wá ọmọ kí a tó rí i, a kò sì rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí, mo ṣì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi sọdá títì.

Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń ta eré náà. Káàdì ni, ṣùgbọ́n kò sí bébà nínú rẹ̀, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ènìyàn bá ṣe ń borí ni yóò máa rí káàdì kó jọ, yóò sì ṣa ọgbọ̀n nínú wọn tí yóò fi jà. Ènìyàn gidi ni ẹni tó wà ní òdìkejì, ibi yòówù kí onítọ̀hún wà láyé. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò ra káàdì kankan rí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí àwọn kan kọ̀wé pé ó wà lára ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n pè wá sí ìdíje ní Accra, tí òbí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ máa lọ, kí ojú ọmọ lè là." Ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Sẹkitéríàtì kò fún un láyè láti tẹ̀ lé wa.

Èmi ni mo ní kí a ṣe àdéhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá borí tó fi dé ọjọ́ kejì ìdíje, yóò máa ta eré rẹ̀ lọ, n kò sì ní sọ̀rọ̀ sí i mọ́. Bí kò bá dé ọjọ́ kejì, a ó pa eré náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, pẹ̀lú gbogbo káàdì tí ó ti fi ọdún méjì kó jọ. Ó kà á tán, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé bírò fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Màmá." Mo fọwọ́ sí i. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo gbà pé kò ní dé ọjọ́ kejì. Ìdí tí mo fi gbà láti lọ nìyẹn.

CHALLENGE

Àgbèrò kan ní gárééjì Challenge wo ẹrù wa, ó wo ojú mi, ó tún padà wo ẹrù. Gàárì wà níbẹ̀, omi sísè ìgò mẹ́fà, oògùn ibà, iyọ̀ àti ṣúgà bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìrọ̀rí Mọ́rẹ́nikẹ́, àti ẹ̀dà mẹ́rin mẹ́rin gbogbo ìwé wa nínú fáìlì mẹ́ta.

Ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń kó kúrò nílùú báyìí?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Ìyókù ṣì wà nílé."

"Àní àwọn tó ń lọ Mẹ́kà, wọn kì í rù tó báyìí!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ka ẹrù náà nígbà tí wọ́n kó o sínú bùútù. Mẹ́jọ ni.

KÙTỌ̀NÚ

Mo ti rò pé níbi tí ẹnubodè bá wà ni èdè wa yóò parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí a ti jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kùtọ̀nú ń bá ẹnì kan sọ Faransé, ó ń bá ẹlòmíràn sọ Ẹ̀gùn, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Ìyá. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Yorùbá rẹ̀ dà bí ti ìyá tó bí ìyá mi lọ́mọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí màmá àgbà ti kú. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè jẹ́ àlejò níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè rẹ̀.

Kò bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. Ó gbé e síwájú wa ni. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní àkàsà ni, ó rọ̀ ju tiwa lọ, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Ẹja díndín wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ata tútù tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, tí iná kò kàn án rárá. Ẹ̀rù ata náà bà mí. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú abọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ẹja rẹ̀ fún un, bí mo ti máa ń ṣe nílé.

Obìnrin náà dúró tì wá, ó ń wò mí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọmọ yìí kò tíì hu eyín ni?"

Mo ní, "Egungun ẹja kò mọ ọmọ tó ti hu eyín."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú bá a jẹ ẹ́ pẹ̀lú, kó lè sinmi!"

Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Mọ́rẹ́nikẹ́ dorí kodò. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti da gbogbo ata náà padà sórí ẹja rẹ̀.

LOME

Ní Lome, a jókòó sórí ògiri kékeré kan létí òkun láàárọ̀, a ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí wa ní Faransé, tí wọ́n á dúró díẹ̀ kí a lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìkíni kan ṣoṣo ni mo mọ̀, mo sì ń lò ó fún gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún ọmọ mi pé kí ó kọ́ mi ní eré náà. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí a fẹ́ pa rẹ́.

Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá fóònù fúnra rẹ̀ jà. Orúkọ àwọn káàdì náà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo fi Yorùbá pè wọ́n níbí. Ẹ̀mí ogún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bí ó bá ti ń kàn ọ́, agbára rẹ ń fi ọ̀kan pọ̀ sí i, agbára náà ni wàá fi gbé káàdì sílẹ̀. Jagunjagun ni àwọn káàdì kan, wọ́n ń gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń jà. Olùṣọ́ ni àwọn mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí olùṣọ́ bá dúró níwájú rẹ, òun ni yóò máa jẹ ìyà tó ń bọ̀ wá bá ọ.

Bí mo ṣe gbọ́ olùṣọ́, inú mi dùn. Ìgbà mẹ́fà tó kàn mí, olùṣọ́ mẹ́fà ni mo tò síwájú.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Màmá, ta ni yóò wá jà?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ó dáa. Ẹ máa wò ó."

Fóònù náà kò dé ọ̀dọ̀ mi lóòótọ́. Ó kàn ń kó agbára jọ. Nígbà tó tó àkókò, ó gbé káàdì kan sílẹ̀ tí mo pè ní Àgbàrá. Omi ya, ó sì gbá gbogbo olùṣọ́ mi lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wo ọwọ́ mi, kò ku káàdì kankan. Lẹ́yìn ìgbà méjì sí i, mo kú.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín débi pé búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ sé ilé mọ́ ara yín lórí, Màmá!"

Mo bi í pé báwo ni òun ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n lù mí."

"Kí ta ni lù ọ́?"

"Nínú eré ni o, Màmá! Ẹ gbọ́. Tí káàdì kékeré bá fẹ́ gba ẹ̀mí méjì lọ́wọ́ mi, mo máa jẹ́ kó gbà á. Ogún ṣáà ni mo ní. Olùṣọ́ tí mo bá fi dí ẹ̀mí méjì nísinsìnyí, kò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí èyí tó fẹ́ gba mẹ́jọ bá dé. Èmi náà ní Àgbàrá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní tètè ṣí i. Màá jẹ́ kí ẹni yẹn kó gbogbo jagunjagun rẹ̀ jáde, kó rò pé mo ti kú tán."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kó gbogbo wọn jáde?"

"Mo máa ń kà á ni. Káàdì ọgbọ̀n ló ní. Mo máa ń ka èyí tó ti lò, èyí tó kù á sì yé mi." Ó wò mí. "Ṣé ẹ ò mọ ẹni tí mo fi jọ ni?"

Mo ń wo òkun. Mo rántí ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò bá a wí níwájú kíláàsì, tí mo pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ bá olùkọ́ náà. Mo rántí àwọn ọmọ tó lọ wo ẹranko, tí n kò jẹ́ kí ó bá wọn lọ nítorí pé òjò ṣú. Mo rántí ọ̀rẹ́ kan tó bá a jà, tí mo sọ fún un pé kó má bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo ṣírò wọn létí òkun yẹn, kò sí èyí tó ju ẹ̀mí méjì lọ.

OMI KÍ Ọ̀RỌ̀ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ní Accra, ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni a dé sí, orúkọ rẹ̀ ni Madam Efua, ó máa ń gba àlejò sí yàrá méjì nínú ilé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ. Ó ní "Akwaaba" lẹ́nu ọ̀nà, ó fún wa níjòókòó, ó sì gbé omi sínú kọ́ọ̀pù méjì wá lórí tíréè. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ káàsán mà, àwa ni a..." Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu."

Mo wo omi náà. N kò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ìgò méjì ṣì kù nínú omi sísè tí mo gbé láti ilé. Bí mo ṣe fẹ́ fọgbọ́n sọ ọ́, Mọ́rẹ́nikẹ́ ti mu tirẹ̀ tán, ó tún ń dúpẹ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ẹ̀mí méjì. Mo mu tèmi.

Ìgbà náà ni Madam Efua wá jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ó ní, "Àlàáfíà ni a wà níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà, kí ni iṣẹ́ tí ẹ bá wá?"

Ohùn rẹ̀ dà bí ti kóòtù. Mo ṣí fáìlì kìíní, mo kó ìwé ìpè jáde, ẹ̀dà mẹ́rin, mo kó ìwé ìbí ọmọ jáde, mo kó lẹ́tà bàbá rẹ̀ jáde. Mo ń ṣàlàyé, òógùn ń bò mí. Ó gbọ́ mi títí mo fi dé ìdí fáìlì kejì. Lẹ́yìn náà ló rọra pa fáìlì náà dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Madam, mo ti mọ̀. Èmi náà ni mo bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí a ṣe ń kí àlejò nílùú tiwa ni."

Mọ́rẹ́nikẹ́ fi aṣọ bo ẹnu. Mo kó ìwé mi padà, mo sì kà á bí mo ṣe ń kó o.

Ọjọ́ méjì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé "ẹ jọ̀ọ́" ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣìnà. Ohùn wọn kò lọ sókè. Mo lọ ná ọsàn lọ́wọ́ obìnrin kan bí a ti ń nájà ní Bódìjà, ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?" Ó rò pé ìjà ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rọ ohùn mi sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí ju ìrìn lọ.

GBỌ̀NGÀN

Wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́ mi lọ́rùn. "Òbí, 19" ni wọ́n kọ sí i, nítorí nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ni Mọ́rẹ́nikẹ́. Ẹni méjì ló ń jókòó sí tábìlì kan, ẹ̀rọ ńlá kan sì ń fi eré wọn han àwa tí a jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò ta á, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló ni ín. Ẹni tó bá borí ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní yóò dé ọjọ́ kejì.

Rẹfirí, ọkùnrin gíga kan, ka òfin sí wa létí. Ó ní òǹwòran kankan kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń ta eré sọ̀rọ̀, ohun yòówù tó lè jẹ́, tí ó bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ tí òǹwòran náà tẹ̀ lé wá ni yóò pàdánù eré náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ mi borí ọmọ Kumasi kan. Ó borí ọmọbìnrin kan láti Abidjan. Ẹni kẹta tó kù ni Rukayat, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó gbọ́ tí èmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ń sọ Yorùbá, ó ti wá kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Láàárín gbogbo àjèjì wọ̀nyẹn, ọkàn mi fà mọ́ ọn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ borí eré kìíní. Eré kejì ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́.

Rukayat ń lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogún di mẹ́tàdínlógún. Ó di mẹ́tàlá. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní olùṣọ́ méjì lọ́wọ́, mo rí wọn lójú ẹ̀rọ, kò gbé wọn sílẹ̀. Ó di mẹ́jọ. Mo di báàgì mi mú. Rukayat gbé jagunjagun kẹrin sílẹ̀, ó gbé ìkarùn-ún. Ó di mẹ́rin. Ọmọ mi kàn jókòó, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń kà. Rukayat wá gbé ọ̀gá gbogbo wọn sílẹ̀, èyí tó dé adé, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣí Àgbàrá.

Omi gbá gbogbo wọn lọ, àtadé àtorí. Rukayat di orí mú, ó ní "Yéè!" bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta láìròtẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Rukayat kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà."

Rẹfirí ti dúró síwájú mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Madam, ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Òótọ́ inú mi ni mo sọ. N kò ka pẹ̀lẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kọsẹ̀ ní Agbowó, bí ó bá wúkọ́, bí ẹrù bá yẹ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò kí i ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí i tó dákẹ́ ni a máa ń wò. N kò rántí pé ọmọ tèmi ló gbé òkúta náà síbẹ̀.

Rukayat dìde, ó ń bẹ̀bẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Wọ́n kàn bá mi kẹ́dùn ni, sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ má gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Rẹfirí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òfin ni." Ó kìlọ̀ fún Rukayat nítorí pé ó dá mi lóhùn. Ó kọ eré kejì sílẹ̀ pé Mọ́rẹ́nikẹ́ pàdánù rẹ̀, eré tó ti fẹ́ borí. Ó wá ní kí n jáde síta títí ẹ̀kẹta yóò fi parí.

Mo wo ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ẹ máa lọ jókòó níta, Màmá. Kò sí nǹkan kan."

"Mọ́rẹ́..."

"Màmá. Ẹ máa lọ."

ÌTA

Madam Efua ti gbé oúnjẹ wá fún wa, ó jókòó sábẹ́ igi kan níwájú gbọ̀ngàn. Kẹ́ńkè ni, àgbàdo kíkan tí wọ́n fi háhá rẹ̀ wé, pẹ̀lú ẹja àti ata dúdú tí wọ́n dín títí tó fi gbẹ. Ó ní kí n wá bá òun jẹun. Mo dá a lóhùn bí a ti ń ṣe nílé, pé yóò gba ibi ire, ṣùgbọ́n ó fà mí jókòó. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹni tí ọmọ yín ń bá jà ni ẹ bá kẹ́dùn?"

"Ó dùn ún ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi ń jà náà nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ojú mi, ó sún abọ́ ẹja sọ́dọ̀ mi.

Ohun tó ń dùn mí kò ní ẹ̀rín nínú. Ẹ rántí pé mo ti fẹ́ kí eré náà tán. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mo wá ń bi ara mi lábẹ́ igi yẹn bóyá ẹnu mi mọ ohun tó ń ṣe. Mo yẹ ọkàn mi wò bí mo ti ń yẹ ojú ewé wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lẹ́ ni. N kò rí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí n kò retí: mo ń fẹ́ kí ọmọ mi borí.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni mo lò níta. Nígbà tí mo wo abọ́, mo ti yọ gbogbo egungun ẹja náà kúrò, mo ti to ẹran rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò sì tíì fi ìkankan sẹ́nu.

Àwọn méjèèjì jọ jáde. Rukayat ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ má bínú." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Ẹ̀mí kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá. Ẹyọ kan péré."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo tètè ṣí Àgbàrá. Ó ṣì ní jagunjagun méjì lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣí i."

"Ìwọ? Ṣé o kò kà á ni?"

"Mi ò lè kà á dáadáa." Ó ń fi bàtà rẹ̀ tu iyanrìn. "Mo ń rò pé ẹ̀ ń sunkún níta."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ń wò mí.

"Ẹ lè sọ ọ́ wàyí, Màmá. Eré ti parí."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé."

Mo gbé ẹja náà fún àwọn méjèèjì, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀NÀ ILÉ

Orí ògiri kan náà ni a tún jókòó sí ní Lome nígbà tí à ń bọ̀. N kò dárúkọ àdéhùn láti Accra. Òun ló mú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí ògiri, ó sì na fóònù sí mi. Ó ti tẹ ibi tí a ti ń pa eré rẹ́. Fóònù náà ń béèrè bóyá ó dá wa lójú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i."

Mo mú ẹ̀dà tèmi jáde, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ṣe kedere. Kò dé ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìwé, ó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì náà. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀. Eré mẹ́ta ni wọ́n ta. Ó borí ọ̀kan. Mo fi ẹnu mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sì ń ta ìkẹta, ọ̀dọ̀ mi ni ọkàn rẹ̀ wà, ó ń ṣọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi ni olùṣọ́ rẹ̀, òun náà ń gbé mi dání.

Mo tẹ "rárá". Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé méjèèjì pé: *Ẹni tó dá àdéhùn yìí ló bà á jẹ́. Kò dúró mọ́.* Mo fọwọ́ sí i, mo sì gbé bírò fún un.

Ó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ṣé ẹ ò ní ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ni?"

"Tí a bá délé."

Èmi ni mo fi fóònù náà jà láti Lome dé Kùtọ̀nú. Mo gbé olùṣọ́ kan sílẹ̀, mo di ìyókù mú. Wọ́n lù mí, ó dùn mí, mo fara dà á. Ó kàn mí lẹ́ẹ̀mejìlá kí n tó kú. Nígbà tí a tún dé ọ̀dọ̀ obìnrin alákàsà, ó gbé ẹja síwájú wa, mo sì ki ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan. Mọ́rẹ́nikẹ́ yọ egungun ẹja rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, mo rí i, n kò sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò lẹ́nu.

Obìnrin náà pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó ti hu eyín!"

Nígbà tí a délé, mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kí ọmọ pàdánù. N kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ́ òun náà ní eré náà.

Ìyá Dámilọ́lá, òótọ́ ni ẹ sọ pé ogun ni. Òótọ́ sì ni pé wọn kì í gbọ́ tí a bá pè wọ́n, nítorí pé wọ́n ń kà. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Èmi náà máa ń gbà á tí àkókò ìwé kíkà bá tó. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Kí ẹ tó pa eré náà rẹ́, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ ní kó kọ́ yín, kí ẹ sì ta á títí ẹ ó fi kú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì bá a lọ síbi tí ó ti ń bá ẹlòmíràn díje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ má tilẹ̀ sọ pẹ̀lẹ́.